Àlejò Tí Kò Mọ Ìwọ̀n Yàrá

Ọmọ mi, mo rí ọ lánàá níbi tí o ti doríkodò sórí láptọ́ọ̀pù. Linux tí o gbé sínú Windows ti dìde, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ju káàdì ìkíni lọ láàrin òkùnkùn wíńdò ńlá. O fa etí wíńdò náà, wíńdò gbòòrò. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò mira. Bọ́tìnnì tí o fẹ́ tẹ̀ ti rì sísàlẹ̀ níbi tí máòsì kò lè dé. Nígbà tó yá, mo rí i tí o nawọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń pa Linux náà rẹ́ pátápátá, o fẹ́ tún gbogbo rẹ̀ gbé kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní kí o fi sílẹ̀, kí o lọ jẹun. Kò sí àyè àlàyé lánàá. Mo ti wá jókòó báyìí, mo fẹ́ kọ ọ́ fún ọ ní kíkún, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń kọ́ iṣẹ́ yìí lè bá ọ kà á.

Ti píparẹ́ yẹn ló dùn mí jù. Fáìlì Ubuntu 24.04 nìkan lé ní gígábáìtì 5. Owó dátà rẹ ni, àti òru tí o fi ojú sọ́nà kí iná tó dé. Bí o bá wó ilé nítorí àìsàn tí o kò mọ ìdí rẹ̀, àìsàn náà yóò bá ọ dé ilé tuntun. Ọmọbìnrin kan gbé Linux kan náà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàrin ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ojú rẹ̀ sì kéré. N óò sọ ìtàn rẹ̀ fún ọ tó bá yá.

Kọ́kọ́ mọ ohun tí ò ń bá ṣe. VM jẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà. Èrò náà kì í ṣe tuntun. IBM ti ń lo irú rẹ̀ láti 1967 ní ibi ìwádìí wọn ní Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, lórí ẹ̀rọ gàgàrà tó ń gba odidi yàrá, kí ọ̀pọ̀ èèyàn lè máa lo ẹ̀rọ kan ṣoṣo bí ẹni pé kálukú ló ní tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń pe kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì ní onílé, wọn a pe èyí tó wà nínú rẹ̀ ní àlejò. Mo fẹ́ràn orúkọ méjèèjì yìí gan-an. Àwọn baba wa ní àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Linux tó wà nínú wíńdò rẹ lójú, kò kàn rí ògiri yàrá tí o fi í sí ni.

Wo bí ó ti rí lórí kọ̀ǹpútà gidi. Tí o bá ki wáyà monitor bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, monitor yẹn ń sọ̀rọ̀ gba inú wáyà: ó ń sọ irú ẹni tí òun jẹ́, ó ń sọ ìwọ̀n àwòrán tí òun lè gbé. EDID ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ yẹn. Linux gbọ́, ó mú ìwọ̀n tó dára jù, ó parí. Nínú VM, kò sí monitor, kò sí wáyà. Wíńdò lásán ni, tí o lè fà gùn nísinsìnyí kí o sì tún sún un kì kí o tó mí tán. Lójú Linux, bí ẹni ń pààrọ̀ monitor nígbà ogún láàrin ìṣẹ́jú kan ni. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa sáré sọ fún un pé, “Yàrá ti fẹ̀ o, ó ti di 1600 ní ìbú, 900 ní gíga.” Bí ẹni náà kò bá sí, Linux yóò jókòó sí ìwọ̀n tó mọ̀ pé kò lè kó òun sí yọnu, 800×600 tàbí 1024×768, kò sì ní kúrò níbẹ̀. Kò bàjẹ́. Ó ń dúró de ìròyìn ni.

Ìránṣẹ́ yẹn ni kí o wá. Nínú VirtualBox, Guest Additions ni orúkọ rẹ̀. Nínú VMware, open-vm-tools ni, ṣùgbọ́n ṣọ́ra níbẹ̀, nítorí ọmọ ìyá méjì ni wọ́n: open-vm-tools nìkan kò mọ nǹkan kan nípa ojú kọ̀ǹpútà, open-vm-tools-desktop ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, òun sì ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Fún QEMU àti KVM tí a ń fi virt-manager darí, spice-vdagent ni, a ó sì tún wọ View, kí a yan Scale Display, kí a sọ fún un pé kí VM máa tẹ̀lé wíńdò. Hyper-V ní ọ̀nà tirẹ̀: a máa ń pa VM ná, kí a tó fi àṣẹ Set-VMVideo yan ìwọ̀n láti ọ̀dọ̀ Windows. Mi ò ní dúró lórí ìyẹn, nítorí VirtualBox ni ìwọ àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ ń lò. Bí o kò bá dá ilé tí o wà mọ̀, bóyá ẹlòmíràn ló fún ọ ní VM náà, ṣí terminal kí o tẹ `systemd-detect-virt`. Yóò dá ọ lóhùn: oracle túmọ̀ sí VirtualBox, vmware àti kvm sọ ara wọn, microsoft sì ni Hyper-V.

Láti ibẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí o máa lé kiri: níbo ni ọ̀rọ̀ ti já bọ́ láàrin onílé àti àlejò?

Ó lè jẹ́ pé onílé kò rán ọ̀rọ̀ kankan. Wo View lókè wíńdò VirtualBox, bóyá Auto-resize Guest Display wà ní títàn. Ctrl ọwọ́ ọ̀tún pẹ̀lú G ló ń tàn án tó sì ń pa á, ìka sì lè ṣèèṣì kàn án. Nítòsí rẹ̀ ni Scaled Mode wà, èyí tó ti tan ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ. Bí o bá wọ inú rẹ̀, gbogbo nǹkan yóò kún wíńdò, inú rẹ yóò dùn, ṣùgbọ́n lẹ́tà yóò máa ṣe bàìbàì bíi fọ́tò pásípọ́ọ̀tù tí wọ́n fẹ̀ di àwòrán ara ògiri. Onílé kò sọ ohunkóhun fún àlejò. Àwòrán àlejò ló ń fà. Menu òkè wíńdò yóò sì tún pòórá, tí ẹni tí kò mọ Ctrl ọwọ́ ọ̀tún pẹ̀lú C kò ní rí ọ̀nà jáde.

Ọwọ́ onílé náà ni Settings wà, ní abala Display. Graphics Controller tó yẹ Linux ni VMSVGA; láti VirtualBox 6.0 ni ó ti jẹ́ èyí tí wọ́n ń fún Linux tuntun. VBoxSVGA tó jọ ọ́ lórúkọ, ti Windows ni. Ọ̀pọ̀ VM tí ọmọ kan gbà lọ́wọ́ ọmọ mìíràn ló ní VBoxSVGA tàbí VBoxVGA àtijọ́ nínú, ẹni tó gbà á kò sì wo ibẹ̀ rí. Wo Video Memory pẹ̀lú, nítorí 16 MB ni wọ́n sábà máa ń fi í sí. Bá mi ṣírò rẹ̀: píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ń gba báìtì 4. Ojú tó jẹ́ 1920 lọ́nà 1080 ń gba báìtì 8,294,400, ó wọ inú 16 MB dáadáa. Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù 4K, 3840 lọ́nà 2160, ń gba báìtì 33,177,600, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì àyè tí o fún un. Àlejò gbọ́ pé yàrá ti fẹ̀, kò sì rí aṣọ tó tó láti fi bò ó. Gbé e dé 128 MB. Pa VM pátápátá kí o tó ṣe èyí. Bí o bá kàn dá a dúró kí ó lè padà síbi tó wà, Settings kò ní gbà kí o fọwọ́ kan ibẹ̀.

Bí onílé bá ti ṣe tirẹ̀, yà sọ́dọ̀ ìránṣẹ́. Ibẹ̀ ni ìtàn ọmọbìnrin tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan wà.

Ọmọ iṣẹ́ ni lọ́dọ̀ mi nígbà náà, ó ń kọ́ bí a ti ń darí server. Ó wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ ti pọ́n. “Ọ̀gá, ó ń ṣiṣẹ́ lánàá. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan.” Mo gbà á gbọ́, òótọ́ ló sì ń sọ. Mo ní kó tẹ `uname -r`, èyí tó ń sọ irú kernel, ìyẹn ọkàn Linux fúnra rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà a jọ ka `/var/log/apt/history.log`. Kernel tuntun ti wọlé lóru nígbà tí òun ń sùn, Linux náà ló gbé e wọlé fúnra rẹ̀ nítorí ààbò. Nínú Guest Additions, àwọn apá kan wà tí wọ́n ń rán mọ́ kernel bí télọ̀ ṣe ń rán aṣọ mọ́ ara oníbàárà. Bí kernel bá yí padà, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un rán. VirtualBox máa ń gbìyànjú láti tún un rán nígbà tí VM bá ń dìde, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ara kernel tuntun náà gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Ìwọ̀n yẹn ni package tí à ń pè ní linux-headers. Kò sí lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Nígbà tí a ṣí `/var/log/vboxadd-setup.log`, ó wà níbẹ̀ gbangba pé ẹ̀rọ náà wá headers kernel tuntun tì. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti òru. Kò sẹ́ni tó kà á.

Ohun tí a tẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ. Àkọ́kọ́ ni `sudo apt install build-essential dkms linux-headers-$(uname -r)`. Ìkejì ni `sudo /sbin/rcvboxadd setup`. A pa á, a tún tàn án. Ó fa etí wíńdò, ojú Linux sì tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀. Ó fà á síhìn-ín, ó fà á sọ́hùn-ún, kò fẹ́ dáwọ́ dúró. Ẹ̀yìn náà ló wá sọ fún mi pé òun ti gbé e kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yẹn. Ìgbà méjì tó ṣáájú, bí ó bá ti fi Guest Additions sí i tán ni yóò ṣe `apt upgrade`, kernel tuntun yóò wọlé, ojú yóò padà di kékeré. Ó ju gígábáìtì 15 lọ tó jóná sórí ohun tí ìlà méjì lè tún ṣe. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí títí dòní, nítorí owó ìyá rẹ̀ ni.

Tí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìránṣẹ́ wà láàyè, `lsmod | grep vboxguest` yóò sọ bóyá apá tó wà nínú kernel ti wọlé, `pgrep -a VBoxClient` yóò sì sọ bóyá èyí tó ń bá tábìlì iṣẹ́ rẹ sọ̀rọ̀ ti dìde. Má sì fi ìránṣẹ́ méjì sẹ́nu ọ̀nà kan. Bí Linux rẹ bá ní package tirẹ̀, bí Kali ṣe ní virtualbox-guest-x11, lo ìyẹn, kí o má tún gbé CD Guest Additions lé e lórí. Àwọn méjèèjì a máa gbé iṣẹ́ gba ara wọn lọ́wọ́, ìwọ ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀.

Ìgbà mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ dé ẹnu ọ̀nà tí kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn. Mo ti rí i lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó fẹ́ràn tábìlì iṣẹ́ fúyẹ́fúyẹ́ bíi i3 tàbí Openbox nítorí pé láptọ́ọ̀pù wọn kò lágbára. GNOME àti KDE máa ń gbọ́ pé ìwọ̀n tuntun dé, wọn a sì tò ó fúnra wọn. Àwọn fúyẹ́fúyẹ́ wọ̀nyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí KVM, bí o bá tẹ `xrandr --output Virtual-1 --auto`, tí ojú sì gbòòrò lẹ́ẹ̀kan náà, o ti rí i pé spice-vdagent kò jẹ̀bi. Ó ti jíṣẹ́ tirẹ̀.

Mo ti wá dárúkọ xrandr, mo sì fẹ́ kí o mọ ibi tó ti wá, nítorí ẹ̀yin ọmọ òde òní máa ń da ìlà rẹ̀ kọ láìmọ ohun tí nọ́ńbà inú rẹ̀ ń sọ. Nígbà tí èmi ń bẹ̀rẹ̀, monitor wa jẹ́ àpótí ńlá tó nídìí bíi tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Bí a bá fẹ́ yí ìwọ̀n tábìlì iṣẹ́ padà lórí Linux, a ó pa gbogbo ohun tí a ṣí, a ó fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà sínú fáìlì XF86Config, a ó tún tàn án, ọkàn wa á sì máa lù kìkì, nítorí nọ́ńbà tí kò tọ́ lè ba monitor jẹ́. RandR tí Keith Packard àti Jim Gettys ṣe, èyí tí àṣẹ xrandr ń lò, ló jẹ́ kí a lè yí ìwọ̀n padà láìpa ohunkóhun. Orúkọ rẹ̀ gan-an ń sọ pé ó ń yí ìwọ̀n padà, ó sì ń yí àwòrán po.

Tẹ `cvt 1600 900` kí o wo ohun tó máa jáde. Wàá rí 118.25, wàá rí 1600 tó ń gòkè dé 2112, wàá rí 900 tó dé 934. Kí ló dé tó fi di 2112 nígbà tó jẹ́ 1600 lo béèrè? Nínú àpótí àtijọ́ yẹn, ìtànṣán kan ló ń ya àwòrán láti òsì sí ọ̀tún, ìlà kan lẹ́yìn èkejì, bí àgbẹ̀ tó ń kọ ebè. Bí ó bá dé òpin ebè, ó gbọ́dọ̀ rìn padà, ìrìn àpadàbọ̀ yẹn sì ń gba àkókò tí kò sí àwòrán nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin 1600 àti 2112 ni ìrìn náà. Ti 900 sí 934 ni ìrìn láti ìsàlẹ̀ padà sókè. Pín mílíọ̀nù 118.25 fún 2112, kí o tún pín in fún 934, wàá rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 60, iye ìgbà tí wọ́n ń ya gbogbo ojú náà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. VM rẹ kò ní ìtànṣán, kò sí ohun tó lè jóná nínú rẹ̀, síbẹ̀ èdè yẹn la ṣì ń bá a sọ.

Nọ́ńbà yẹn lo lè fún xrandr pẹ̀lú `--newmode`, kí o fi `--addmode` so ó mọ́ Virtual-1, kí o sì yàn án. Orúkọ náà lè yàtọ̀ lórí ẹ̀rọ tìrẹ, nítorí náà tẹ xrandr lásán kí o wò ó ná. Ọ̀pá ìtilẹ̀ ni mo ka èyí sí. Ó dára nígbà tí ìdánwò wà lọ́la tí o kò lè rí ìránṣẹ́ tún ṣe. Ṣùgbọ́n bí o bá pa VM, ó ti lọ, kò sì ní tẹ̀ lé wíńdò bí o bá fà á.

Kí o tó tẹ̀ ẹ́ pàápàá, tẹ `echo $XDG_SESSION_TYPE`. Bí ó bá sọ x11, máa lọ. Bí ó bá sọ wayland, dáwọ́ dúró. Lábẹ́ Wayland, ètò mìíràn tó ń ya ojú Linux dípò X11, xrandr á fi orúkọ bíi XWAYLAND0 hàn ọ́, àṣẹ rẹ kò sì ní mú ohunkóhun ṣẹ. Inú Settings ti Linux fúnra rẹ̀, ní Displays, ni wàá ti yan ìwọ̀n. Àwọn kan yóò sọ fún ọ pé kí o yan Ubuntu on Xorg, èyí tó ń lo X11, nígbà tí o bá ń wọlé. Ìmọ̀ràn tó dára ni lórí 22.04 àti 24.04. Láti 25.10, Ubuntu ti yọ ọ́ kúrò, o kò ní rí i yàn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fún ọ ní oògùn, bi í léèrè ọdún tó lò ó àti irú Linux tó lò ó fún.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ní ọdún kan, mo ní ọmọ iṣẹ́ méjìlá tí wọ́n ń bọ̀ láago mẹ́sàn-án, ojú VM tí mo fẹ́ fi kọ́ wọn sì kéré. Mo da fáìlì xorg.conf tí ẹnì kan kọ fún ẹ̀rọ tirẹ̀ sínú `/etc/X11`, mo tún VM tàn. Ojú rẹ̀ dúdú. Èmi tí mo lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ojú kékeré kò ní ojú kankan mọ́, àwọn ọmọ sì ti ń wọlé. Kò yẹ kí n fọwọ́ kan an láìkọ́kọ́ tẹ Ctrl ọwọ́ ọ̀tún pẹ̀lú T, kí n ya snapshot, àwòrán ipò VM tí a lè padà sí, sílẹ̀. Ohun tó yọ mí ni Ctrl ọwọ́ ọ̀tún pẹ̀lú F3, tó gbé mi lọ sí ojú ìwé lásán níbi tí mo ti lè wọlé, kí n yí orúkọ fáìlì náà padà, kí n sì tún ẹ̀rọ tàn. Kọ bọ́tìnnì méjèèjì yẹn sínú ìwé rẹ báyìí, kí ọjọ́ tí wàá nílò wọn tó dé.

Ó ku ohun kan tí mo rí lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń lo láptọ́ọ̀pù olójú dídán yẹn. Tirẹ̀ kún wíńdò, ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin kòkòrò. Àìsàn mìíràn nìyẹn. Ìránṣẹ́ ti jíṣẹ́, àlejò ti mọ ìwọ̀n yàrá. Píksẹ́lì ló pọ̀ jù lórí àyè kékeré. Kó wọ Displays nínú Linux, kó gbé Scale sí 200%. Kó má fọwọ́ kan Guest Additions.

Láptọ́ọ̀pù rẹ wà lórí tábìlì ní iyàrá iwájú, mo ti fi í sórí iná, mi ò sì pa VM náà. Tẹ `systemd-detect-virt` ná, kí o tẹ `uname -r` tẹ̀ lé e, kí o sì ṣí `/var/log/vboxadd-setup.log`. Pè mí kí o tó yí ohunkóhun padà, n óò wá jókòó tì ọ́ kí a jọ kà á.